Remove kì í gbé odó: ohun tí nginx fi sílẹ̀ fún logrotate

Àbúrò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó-Èkìtì, lápá Fájuyì, pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti yọ nginx kúrò lórí sáfà yìí, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń pariwo orúkọ ẹ̀. Àbí ẹnì kan ti já wọ ibẹ̀ ni?"

Kò sẹ́ni tó já wọ ibẹ̀. Nginx ni ètò tó ń gbé ojú-ewé wẹ́ẹ̀bù jáde fún àwọn tó bá béèrè. `journalctl -u logrotate`, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ètò tó ń jẹ́ logrotate, ló ń kà, ohun tó sì rí ni `unknown user 'nginx'`. Ó tún tẹ `apt remove nginx` lẹ́ẹ̀kejì, apt, ètò tó ń gbé ètò míràn wọlé tó sì ń yọ wọ́n, ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé. Lóru, ariwo náà tún dé.

Ọ̀pọ̀ wa la gbà pé ohun tí a bá ti remove ti lọ tán. Lórí Debian àti Ubuntu, irú Linux méjì, kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọmọ Èkìtì ni kò yẹ kó yà lẹ́nu rárá: ẹni tó bá kó iyán kúrò nínú odó kì í ju odó nù, torí yóò tún gúnyán lọ́la. Iyán ni remove ń kó. Àwọn fáìlì ìṣètò inú `/etc` ni odó, wọ́n sì ń fi wọ́n sílẹ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má baà ṣòfò bí o bá padà wá. `apt purge` ló ń gbé odó.

`/etc/logrotate.d/nginx` wà lára odó yẹn. Logrotate, tó ń ká log (fáìlì àkọsílẹ̀ ohun tí ètò ń ṣe) àtijọ́ kúrò kí dísìkì má baà kún, máa ń ka gbogbo fáìlì inú àpò yẹn lójoojúmọ́. Kì í béèrè bóyá nginx ṣì wà láyé. Bí log kò bá sí, `missingok` ní kó dákẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń gbé irú ẹrù yìí kiri fún ọdún pípẹ́ láìmọ̀. Ohun tó dá ariwo sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò mi ni pé ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa user nginx rẹ́, fáìlì náà sì ní `create 640 nginx adm` nínú: ṣí log tuntun, fi lé nginx lọ́wọ́. Nginx wo? Logrotate fo fáìlì yẹn, ó ṣe ìyókù pé, àmọ́ systemd, tó ń bójú tó àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ lórí sáfà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ náà kùnà.

Ẹ má kàn fi `rm` pa á. Dpkg, tó ń bá apt ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, á rántí pé ẹ̀yin lẹ pa á, bí ẹ bá sì tún gbé nginx wọlé, kò ní dá a padà àfi pẹ̀lú `--force-confmiss`. Log á wá máa wú. Ẹ má sì sọ ọ́ ní `nginx-old` sínú àpò kan náà. Lọ́jọ́ tí tuntun bá dé, logrotate á ka méjèèjì, á sì máa ké `duplicate log entry`.

`dpkg -S /etc/logrotate.d/nginx` ló ń sọ ẹni tó ni fáìlì. Ti Ubuntu fúnra rẹ̀, nginx-common ni, nítorí náà purge nginx nìkan kò kàn án. (Ẹ kó log yín pamọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe é; purge rẹ̀ ń kó `/var/log/nginx` lọ.) Ti àbúrò mi wá láti nginx.org, nginx gan-an ló ni ín. Ó purge rẹ̀, ó fi `logrotate -d /etc/logrotate.conf` yẹ̀ ẹ́ wò láìyí log kankan, ilé sì pa rọ́rọ́.

Mo ní kó tẹ `dpkg -l | grep '^rc'` kó tó pa fóònù, kó rí gbogbo ohun tí wọ́n ti yọ tí ìṣètò rẹ̀ ṣì kù. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, apache2 náà wà ńbí o. Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ lò ó?"