Plaque tó ń yọ àkàndá ẹ̀dá lẹ́nu

Láàárọ̀, kí ẹ tó fọ ẹnu, ẹ fi èékánná ha ìdí eyín yín wò. Nǹkan funfun rírọ̀ tó bá èékánná jáde yẹn ni àwọn dókítà eyín ń pè ní plaque. Kì í ṣe oúnjẹ tó há lásán. Kòkòrò àìfojúrí ló kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ nínú ṣúgà tí a bá jẹ, tí wọ́n sì ń tu ásíìdì sára eyín títí yóò fi lu. Òun náà ló ń mú erìgì wú. Kéèyàn fomi yọ ẹnu kò ràn án, àfi kó fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí orín ha á. Tó bá pẹ́ lójú kan, ó ń le gbagidi, irin dókítà eyín nìkan ló sì ká a nígbà náà.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká lè ha tiẹ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú méjì. Àmọ́ ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè darí iṣan ara rẹ̀ dáadáa, lè má lè fi ahọ́n kó búrẹ́dì àárọ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, ká má tíì sọ ti oògùn olómi aládùn tó ń lò kó tó sùn. Erìgì àwọn tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò tí wọ́n ń bí mọ́ni tó ń mú kí ọpọlọ àti ara dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀, náà tètè máa ń bàjẹ́.

Ti oògùn wárápá tó ń jẹ́ phenytoin tún wá yàtọ̀: ó lè mú kí erìgì hù bo eyín. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní aráyé ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Aráyé kọ́ o! Oògùn ni, plaque sì ń dá kún un. Ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, kí wárápá má baà ki í mọ́lẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà tó kọ ọ́.

Bí ọwọ́ kò bá lè di búrọ́ọ̀ṣì mú, ẹ wé aṣọ mọ́ ọn nídìí kó nípọn, tàbí kí ẹ ti ìdí rẹ̀ bọ inú rọ́bà ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, á ní in. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń fọ̀ ọ́ fún un, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó fi orí ti àyà yín. Ẹ fi ìka kan fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wá rọra fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ha ibi tí eyín ti pàdé erìgì. Ẹ má kìka bọ àárín eyín o, ó lè gé e jẹ. Ẹni tí nǹkan kì í lọ dáadáa lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí omi má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ; ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ báyìí ti tó, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nu ìyókù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, ti alẹ́ ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ọ̀pọ̀ ìyá ń dáwọ́ dúró tí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀. Plaque ló sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, fífọ̀ ni yóò dá a dúró. Bó bá ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò dá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, kí ẹ mú páálí gbogbo oògùn rẹ̀ dání. Ẹni tó gbé ọmọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìgbógbó, ní ìhà Ìkòròdú, wá sílé ìwòsàn kò yẹ kó tún tò títí ọ̀sán: òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 ní àkàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń gba káàdì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.