Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ti Lọ: Kí Ni Fóònù Ṣì Lè Ṣe?

Ìbéèrè: Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ṣé fóònù ò ti di tọ́ọ̀ṣì lásán nìyẹn?

Ìdáhùn: Ó tì o. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó lọ gan-an. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan ní Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì dákú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ni ìpè láti Ìbàdàn sí Òṣogbo ń wá lábẹ́ òkun? Ẹni tí WhatsApp rẹ̀ ń yí bíríbírí, nọ́ńbà ló yẹ kó tẹ̀.

Ìbéèrè: Bí ìpè náà bá kọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ (SMS) ránṣẹ́. Ìpè kan máa ń gba àyè mọ́lẹ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán. Bí gbogbo àdúgbò bá ń pè lẹ́ẹ̀kan náà, àyè á kún. Àtẹ̀jíṣẹ́ kéré, ọ̀nà tóóró tí fóònù fi ń kí òpó ló ń gbà. Bí kò bá sì bá ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tọ́jú rẹ̀, wọ́n á tún gbìyànjú. Ẹyọ kan ń gba lẹ́tà 160, àmọ́ bí ẹ bá ti fi ẹ, ọ tàbí ṣ sí i, 70 ló kù. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ jà nítorí àmì, ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ wàhálà, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, báyìí: “Mo wa ni Oke-Ado, leyin ile epo. Omi ti wole. Awa meta ni, enikeni o farapa.”

Ìbéèrè: “Emergency calls only” ló hàn lójú fóònù mi. Òpó ta nìyẹn?

Ìdáhùn: Ti ilé-iṣẹ́ míì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Tiyín ò dé ibẹ̀, fóònù wá fẹ́ yá tẹlòmíì lò, fún nọ́ńbà pàjáwìrì bíi 112 nìkan.

Ìbéèrè: Bí kò bá wá sí òpó kankan?

Ìdáhùn: Bluetooth ṣì wà. Áàpù kan tó ń jẹ́ Bridgefy ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, bí ìgbà tí ìyá aláta ní kí alẹ́lùbọ́sà bá òun sọ fún ẹlẹ́pa níwájú. Ògiri ń dí i lọ́wọ́, kò sì lọ jìnnà bí èèyàn ò bá pọ̀ láàárín. Àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní Hong Kong lò ó lọ́dún 2019. Lọ́dún 2020 àwọn olùwádìí rí i pé àṣírí inú rẹ̀ lè tú. Briar, áàpù míì tó jọ ọ́, ń bo àṣírí jù ú lọ. Èyí tó wù kí ẹ mú, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó lọ ni kí ẹ ti fi sórí fóònù.

Ìbéèrè: Bátìrì ńkọ́?

Ìdáhùn: Fóònù tó ń wá òpó tí kò rí máa ń jẹ bátìrì gan-an. Ẹ tẹ àmì ọkọ̀ òfuurufú kó má wá òpó mọ́, kí ẹ sì máa tú u sílẹ̀ wò ní wákàtí wákàtí.