Bí iná ṣe ń gba inú awọ mólékù kọjá

Wúrà kì í dípẹtà, ohun tó mú un wúlò bí ohun tí wọ́n ń tẹ́ awọ mólékù tó fẹ́lẹ́ lé lórí nìyẹn. Ìbáà ṣe èyí tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ ní Anka, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, bí wọ́n bá ti yọ́ ọ mọ́ tónítóní, tí wọ́n rì í sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù tí mólékù olórí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, orí náà á lẹ̀ mọ́ wúrà, ìrù kábọ́ọ̀nù á sì nà sókè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn mólékù náà ti bò ó bí awọ; kí wọ́n tó tò dáadáa lè gba odidi ọjọ́ kan. Awọ náà sábà máa ń nípọn tó nánómítà 1 sí 3 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà).

Irú awọ yìí kì í gbé iná. Síbẹ̀, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń gbé iná, ń dé òdìkejì láìlu ihò, láìgun orí rẹ̀. Òfin kúántọ̀mù, òfin tó ń darí ohun tó kéré bẹ́ẹ̀, ló fàyè gbà á. Àmọ́ kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó bá kún ìrù ń dín iná tó ń kọjá kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí mẹ́wàá bá kún un, ó ti dín ní ìlọ́po tó ju 20,000 lọ.

Gígùn nìkan kọ́ o. Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Nyanya bọ̀ láàárọ̀, ẹni tó fara ti ẹni kì í ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ìrù gígùn ń fa ara wọn mọ́ra, tí wọ́n á dúró gírí. Ìrù kúkúrú kò ní ìfàmọ́ra tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọ́ sọ́tùn-ún sósì, àlàfo á yọ. Omi àti áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tó ní àmì iná) á gba ibẹ̀ kan wúrà, iná á ga, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo ẹ̀rọ ní Zaria á sì rò pé mólékù ló gbé e. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá àlàfo kí wọ́n tó yọ̀.

Bí ámáìdì, ìyẹn ìdìpọ̀ átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn, náítírójìn àti háídrójìn, bá wà láàárín ìrù, háídrójìn ti ọ̀kan á di ọ́síjìn aládùúgbò rẹ̀ mú, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì lè yà gba ara aládùúgbò kọjá. Lórí téńté ìrù ńkọ́? Bí fẹ́rósíìnì, mólékù onírin tó lè fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, bá wà níbẹ̀, èyí tó fi í sílẹ̀ á di aláàmì ìròpọ̀ (+). Bí wọ́n bá fún pọ̀, wọ́n á máa ti ara wọn, fóltéèjì tí ìyókù nílò á sì yí padà.

Omi tó yí wọn ká pàápàá gbọ́dọ̀ tún ara tò kí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó fò. Rudolph Marcus, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ṣàlàyé èyí, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1992. Ooru ń mú ìtúntò yẹn yá. Nítorí náà, bí iná bá lọ ní Maiduguri lóṣù kẹrin tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, nọ́ńbà ọ̀sán kò ní bá tàárọ̀ mu. Àmọ́ bí awọ ìrù kábọ́ọ̀nù lásán bá wà láàárín irin méjì, láìsí omi, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án.