Eré ìjàjàbọ́ ló ń jẹ́, ẹ yéé pè é ní "rẹpẹséèjì"

Láti ìgbà Òlíńpíìkì Paris 2024 lọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú. Gbogbo ẹni tó bá gbé máìkì dání láti ròyìn eré sísá fún wa lédè Yorùbá, tó bá ti dé orí ìpele tuntun tí World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá lágbàáyé, fi kún un, ńṣe láá kàn já lu "rẹpẹséèjì", ẹlòmíì á ní "repeṣáàsì", wọ́n á sì kọjá lọ bíi pé gbogbo ilé ló gbọ́ Faransé. Ẹni tó ń gbọ́ rédíò ní Ṣakí tàbí Ìkirè, kí ló fẹ́ mú nínú ìyẹn?

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sá hítì, ìyẹn ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń pín àwọn sárésáré sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tán, àwọn tó ṣe ipò iwájú á wọ sẹ́mì, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n á wá wo àwọn tó kù, àwọn tí aago wọn yá jù níbẹ̀, wọ́n á fi wọ́n kún un, ìyẹn ni lẹ́tà q kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Wàhálà ẹ̀ ni pé ẹni tó bá sá ní hítì àkọ́kọ́ á lọ jókòó, ojú ẹ̀ ò ní kúrò lára bọ́ọ̀dù títí hítì yòókù á fi parí, àwa tá à ń wòran náà ò ní mọ̀ bóyá ká pàtẹ́wọ́ fún un ni àbí ká bá a kẹ́dùn. Òǹwòran wo ni ìyẹn fẹ́ dùn mọ́? Ní 2022 ni wọ́n kéde pé bẹ̀rẹ̀ láti Paris, láti mítà 200 títí dé 1500, pẹ̀lú àwọn eré fífo igi, ẹni tí ò bá ṣe ipò tó yẹ ní hítì á padà wá sá eré mìíì, ibẹ̀ láá ti fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá ọ̀nà dé sẹ́mì. Mítà 100 ò sí níbẹ̀ torí ó ti ní ìpele ìṣáájú tiẹ̀, àwọn eré ọ̀nà jíjìn náà ò sí níbẹ̀, ara ò kúkú kí ń ṣòkúta.

Ó dà bíi ti WAEC àti GCE. Ẹni tó páàsì ní May/June ti wà nílé, yunifásítì ló ń dúró dè. Ẹni tó fìdí rẹmi á lọ forúkọ sílẹ̀ fún GCE, á tún padà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, á tún gbé báírò, tó bá sì páàsì, kíláàsì kan náà ni òun àtẹni àkọ́kọ́ á jọ jókòó sí, kò sẹ́ni tó máa kọ GCE sí i níwájú orí. Ó kàn jẹ́ pé ó ti rẹ òun ju ẹni àkọ́kọ́ lọ ni.

Ó wá ku orúkọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ Faransé náà, "repêchage", ń sọ ni kéèyàn tún fa nǹkan yọ látinú omi, bí ẹni fa ẹja, àwọn oníjúdò àtàwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi díje sì ti ń lò ó tipẹ́. Àwọn kan wá ń pè é ní "eré ìràpadà". Mi ò gbà. Ìràpadà, ẹlòmíì ló ń sanwó ẹ̀ fún ẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó máa bá sárésáré sá eré ẹ̀. Àwọn mìíì ní "àtúnsá", ìyẹn tiẹ̀ burú jù torí a ti ń lò ó fún nǹkan mìíì, tí adájọ́ bá wọ́gi lé eré tó ní kí wọ́n padà sá a, àtúnsá gan-an nìyẹn. Eléyìí ò wọ́gi lé nǹkan kan, hítì tó ti kọjá ti kọjá. "Àǹfààní kejì" náà dà bíi pé wọ́n ta èèyàn lọ́rẹ ni.

Ìjàjàbọ́ lèmi ń pè é. Ẹni tó jàjàbọ́, ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ há a mọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tú u sílẹ̀, agbára ara ẹ̀ ló fi jáde. Ṣé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá kọ́ nìyẹn? Ẹnì kan bá mi jiyàn pé kí n gé e kúrú, kó di "àjàbọ́". Rárá o! Àwa tá à ń fi fóònù tẹ Yorùbá, mélòó nínú wa ló ń fi àmì sí i? Tẹ́ ẹ bá ti kọ "ajabo" lásán, àjábọ́ ni ọ̀pọ̀ máa kà, ìyẹn ẹni tó já bọ́, òdìkejì ohun tá à ń sọ pátápátá. "Ijajabo" ò ṣeé ṣì kà.

Ẹ wo Freddie Crittenden, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń sá mítà 110 fífo igi. Iṣan itan ń dà á láàmú ní Paris, ló bá fara balẹ̀ fo gbogbo igi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní hítì jẹ́ẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 18.27 ló fi parí, òun ló kẹ́yìn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí ẹni tí ò bá parí eré ò lè dé ìjàjàbọ́. Ó wá dé ìjàjàbọ́, ó gba ipò kìíní níbẹ̀, ó kọjá sẹ́mì, ó ṣe ipò kẹfà nínú fáínà. Inú àwọn kan ò dùn sí i, wọ́n ní ó fi hítì ṣeré. Mo gbọ́ wọn, àmọ́ èmi ò tíì gbàgbé orúkọ ẹ̀ títí dòní, ta ló rántí ẹnikẹ́ni tó fi q kékeré wọlé?

Ti Tobi Amusan, ọmọ Nàìjíríà tó ń sá mítà 100 fífo igi, ò rí bẹ́ẹ̀ ní Paris o, ẹ má pa á pọ̀. Òun wọlé tààrà láti hítì pẹ̀lú 12.49, sẹ́mì ló ti ṣe ipò kẹta pẹ̀lú 12.55, kò dé fáínà, kò sì sí ìjàjàbọ́ lẹ́yìn sẹ́mì, aago ni wọ́n ṣì ń wò níbẹ̀.

Níbi ìdíje eré sísá àgbáyé ní Tokyo lọ́dún 2025, q kékeré ni wọ́n tún padà sí, ó sì dùn mí. Àárọ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìjàjàbọ́ sí ní Paris, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà níbi iṣẹ́, wọ́n wá ń ráhùn pé kò sẹ́ni tó bìkítà. Ẹ gbé e sí ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lójú bọ́ọ̀dù ní sẹ́mì, ká lè mọ àwọn tó jàjàbọ́ wá síbẹ̀.