Andela, Abóyèjí àti bẹ́ńṣì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti January 1, 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ àwọn tó jókòó sílé l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà, ti tún gba ẹnu kan. Ẹni tó bá ń tọpa iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa kò ní pẹ́ kan Ìyìnolúwa Abóyèjí àti Andela, ilé iṣẹ́ tó ń so àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ àwọn oníbàárà òkè òkun. Ibi tó sì ti ń rú àwọn èèyàn lójú rèé: ilé iṣẹ́ tó dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn dúró ní 2019, báwo ló ṣe di ti bílíọ̀nù dọ́là ní 2021?

Ṣé Abóyèjí ló ni Andela?

Rárá. Ó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2014, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 2016.

Ta ni òun gan-an?

Ọdún 1991 ni wọ́n bí i. Loyola Jesuit College ní Àbújá ló ti ka ìwé mẹ́wàá, ó wá lọ sí Yunifásítì Waterloo ní Kánádà. Ẹ̀kọ́ nípa òfin ló kà níbẹ̀, kò ka kọ̀ǹpútà. (Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin òbí.) Ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Bookneto sílẹ̀, lẹ́yìn náà Fora, tó fẹ́ máa gbé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. Nígbà tí Jeremy Johnson, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó dá 2U, ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, àti Christina Sass dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n dorí ọ̀rọ̀ náà kodò: dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá owó tí yóò fi kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sanwó fún un kó máa kọ́ṣẹ́, kí iṣẹ́ tó bá ṣe lẹ́yìn náà wá dá owó ọ̀hún padà. Andela nìyẹn. Láti ibẹ̀ ó wà lára àwọn tó dá Flutterwave, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn san owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀, ó fi ìyẹn náà sílẹ̀ ní 2018, ó darí ìpolongo Oby Ezekwesili tó fẹ́ du ipò ààrẹ, ó sì dá Future Africa sílẹ̀, tó ń dá owó lé àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni Andela ń tà?

Wákàtí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá yege ìdánwò wọn á tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́rin. Oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ó ń kọ́ṣẹ́, ó sì ń gbowó oṣù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi í fún oníbàárà l'Amẹ́ríkà, láti Èkó ni yóò ti máa bá wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà. Oníbàárà á sanwó fún Andela, Andela á san tirẹ̀ fún un. Owó tó ṣẹ́ kù láàárín ni wọ́n fi ń san iná, ilé àti olùkọ́, kí èrè tó dé. Alágbàtà tí í sọ ọjà di ọ̀wọ́n ni, àmọ́ alágbàtà yìí ló kọ́kọ́ bọ́ ọjà ọ̀hún yó.

Owó ń wọlé, kí ló dé tí wọ́n fi dá èèyàn dúró?

Ẹni tó bá ti parí ẹ̀kọ́ tí kò tíì rí oníbàárà, wọ́n ní ó wà lórí bẹ́ńṣì. Owó oṣù rẹ̀ kò dúró. Ká ní èèyàn mẹ́wàá jókòó bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí kálukú ń gba ₦300,000: mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà ti lọ, kọ́bọ̀ kò wọlé. Ó wá di pé ọ̀pọ̀ oníbàárà kò fẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ mọ́. Ẹni tó ń ti Èkó ṣiṣẹ́ kò ní ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò bẹjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé “ibí yìí lo ti ṣì í”. Tí iṣẹ́ bá sé mọ́ ọn lọ́wọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, oorun ni wọ́n ṣì ń sùn ní California, ìbéèrè ìṣẹ́jú méjì á di ti ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n wá ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ Andela ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ ju èyí tí ọjà lè gbà lọ. Ní September 2019, ọdún kan náà tó gba 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó lé ní 400 ní Nàìjíríà, Uganda àti Kenya.

Báwo ló wá ṣe di ti bílíọ̀nù?

Ó gbé bẹ́ńṣì kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀. Ó jáwọ́ nínú kíkọ́ ọmọ iṣẹ́ lọ́nà ti tẹ́lẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ di ọjà tí àwọn tó ti mọṣẹ́ ń wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Bí iṣẹ́ bá wà, owó á wà; bí kò bá sí, oníṣẹ́ á jókòó lórí bẹ́ńṣì ara rẹ̀, nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀. Ní September 2021, SoftBank, ilé iṣẹ́ olùdókòwò láti Japan, ṣáájú àwọn tó kó 200 mílíọ̀nù dọ́là sí i, wọ́n sì díye lé e ní bílíọ̀nù kan àbọ̀. Iye tí wọ́n dá lé e nìyẹn o. Ẹ má rò pé ó wà ní báńkì.

Tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá fún mi níṣẹ́, kí ni kí n wò nínú àdéhùn?

Bẹ́ńṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí oníbàárà bá lọ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fi kìlọ̀ fún yín, ṣé owó á sì máa wọlé títí òmíràn á fi dé? Bí wọ́n bá kọ dọ́là síwèé ṣùgbọ́n tó jẹ́ náírà ni wọ́n máa san, ó yẹ kí iye tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹ wà nínú ìwé. Ẹ tún wá gbólóhùn tó ní ẹ kò gbọdọ̀ bá oníbàárà ṣiṣẹ́ tààrà fún iye oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Ibẹ̀ ni èèyàn ti máa ń kọsẹ̀: oníbàárà á yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé wá, oníṣẹ́ á gbà, lẹ́tà lọ́yà á tẹ̀lé e.

Wọ́n ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gbà mí.

Olè ni wọ́n. Ẹ má san án.

Owó orí ńkọ́?

Bí Nàìjíríà bá ni ibùgbé yín, dọ́là tí ẹ gbà láti òkè òkun wà nínú ohun tí òfin máa ṣírò. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí. Lórí mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 18. Ẹni tó bá ní mílíọ̀nù 12 á san ₦330,000 àti ₦1,620,000, àpapọ̀ ₦1,950,000. Bí owó ilé yín bá jẹ́ mílíọ̀nù méjì lọ́dún, ìdá 20 rẹ̀, ìyẹn ₦400,000, máa kúrò kí wọ́n tó ṣírò (kò lè ju ₦500,000 lọ), owó orí ẹni tó ní mílíọ̀nù 12 yẹn á sì fi ₦72,000 dín. Ẹ tọ́jú rìsíìtì lánlọ́ọ̀dù.

Ilé iṣẹ́ tó wà l'Amẹ́ríkà tí kò ní ọ́fíìsì níbí kì í sábà yọ owó yìí fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ yín, LIRS ni t'Èkó, kí March 31 ọdún kejì tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtanràn ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé e.