Àṣírí Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀, Àṣírí Ilé Ọ̀tọ̀

Ìyá kan wọlé bá wa níbi ìpàdé oṣù tó kọjá ní Adó-Èkìtì. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n kàn gbọ́ pé àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún ológun òfurufú, tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì, máa ń pàdé níbẹ̀ ni. Ọ̀rá dúdú kan ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì: fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé báǹkì àtijọ́, káàdì ilé ìwòsàn, bẹ́líìtì kan, àti bájì kékeré kan tó ti dípẹtà. Ọkọ wọn fẹ̀yìn tì, ó padà wá sí Ìkọ̀lé, ó ń dáko, ó sì kú lọ́dún tó kọjá. Ìyá ti lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n júwe fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí owó tó tọ́ sí ọkọ wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wọ́n: "Màmá, kí ni nọ́ńbà ọkọ yín?" Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń béèrè, nọ́ńbà fóònù ni ìyá ń kà fún wọn.

"Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi gbé pọ̀," wọ́n ní. "Bí mo bá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á ní fọ́tò làwọ́n ń wò. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ta ní ń gbowó oṣù nítorí pé ó ń wo fọ́tò?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa wá, a gbé e mì. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọkọ wọn sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló mú mi kọ èyí, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan. Láàárín ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí, àwọn opó tó wá bá wa pẹ̀lú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ti ju mẹ́rin lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí fọ́tò wíwò jẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Ẹ má bẹ̀rù, n kò tú àṣírí kankan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kàwé nípa wíwọn ilẹ̀ ní yunifásítì.

Ọkọ̀ òfurufú á máa fò lọ tààrà, kámẹ́rà inú ikùn rẹ̀ á máa ya ilẹ̀ léraléra. Fọ́tò kejì á tún ya nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ ti yà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ń fi fíìmù ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ́ fọ́tò méjèèjì sábẹ́ awò olójú méjì, tí ojú ọ̀tún ń wo ọ̀kan, tí ojú òsì ń wo èkejì, ọpọlọ á lẹ̀ wọ́n pọ̀, ilẹ̀ á sì dìde sí ọ: òrùlé á yọrí, kòtò á jìn, igi á nàró. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi rí i, mo na ọwọ́ pé kí n fọwọ́ kan igi.

Ìnira rẹ̀ ni pé ohun gbogbo kéré. Bí àlàfo àárín dígí kámẹ́rà sí fíìmù bá jẹ́ mìlímítà 152, tí ọkọ̀ sì fò ní nǹkan bí mítà 3,000 sókè ilẹ̀, sẹ̀ǹtímítà kan lórí fọ́tò dúró fún nǹkan bí mítà 200. Ọkọ̀ akẹ́rù tó gùn ní mítà mẹ́jọ kò ní tó ìdajì mìlímítà. Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ọkọ̀ ni? Òjìji rẹ̀ lo máa wò. Òpó tó dúró gbọnrangandan, tí o bá wò ó láti òkè, ẹ̀kán kan lásán ni. Òjìji rẹ̀ tó sùn sílẹ̀ ló máa sọ bó ṣe ga tó àti bí orí rẹ̀ ṣe rí. Òjìji ni à ń kà jẹun.

Òjìji yìí náà sì lè fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì, olùkọ́ wa gbé fọ́tò kan fún mi, ó ní kí ni mo rí. Mo ní kòtò ńlá, bóyá ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Mo ní Èkìtì ni. Ó ní, "Ọmọ Èkìtì, tí o kò dá òkè mọ̀!" Ó yí fọ́tò náà po, kí òjìji lè kọjú sọ́dọ̀ mi, kòtò náà sì wú sókè lójú mi, ó di àpáta rìbìtì bíi Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Fọ́tò kan náà ni. Ojú wa ti mọ́ ọn lára pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, nítorí náà, bí òjìji bá kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó, òkè á di kòtò, kòtò á di òkè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ kékeré yìí ti yí ogun padà rí. Ní 1943, ní Medmenham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Constance Babington Smith ń yẹ fọ́tò tí wọ́n yà ní Peenemünde, létí òkun ní Jámánì, wò. Ó rí ohun kékeré kan tó rí bí àgbélébùú lórí irin tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Bọ́ǹbù tó ń fò láìní awakọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi kọlu Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Àwọn ẹlẹgbẹ́ obìnrin yìí ní Bletchley, tí àwọn ń tú ọ̀rọ̀ àdìtú àwọn ará Jámánì, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ti ìpamọ́. Ọdún 1974 ni ọ̀gá kan láti ẹ̀ka òfurufú tó kọ ìwé sọ ọ́ síta. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin òbí tí kò mọ ohun tí ọmọ wọn ṣe nígbà ogun.

Ní tiwa níbí, 1964 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà sílẹ̀, àwọn ará Jámánì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tí ìjọba fi èdìdì dì fún ẹni tí kò yẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 gbára. Fífẹ̀yìn tì kò sì tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn.

Wàyí o, kí ni òfin náà ní kí a pa mọ́? Ohun tí a rí, bí a ṣe rí i, ibi tí ojú kámẹ́rà lè dé, ẹni tó bá wa sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tìrẹ kò sí níbẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ kò sí níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó máa gba ohun ìní rẹ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn akọni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi òdòdó sílẹ̀ tán ní ọgbà Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ẹ wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn bàbá tó fi mẹ́dàlì sáyà! Ọmọkùnrin kan á gbé fóònù sókè, bàbá á máa ka iye ọkọ̀ òfurufú àti ìlú tí wọ́n gbà gbéra. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Bàbá kan náà á délé, á ti àpótí ìwé rẹ̀ pa, á so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò, ìyàwó ò sì gbọdọ̀ béèrè. A ti yí fọ́tò náà po. Òkè ti di kòtò.

Mo mọ ibi tó ti wá. Tí o bá fi ogún ọdún dákẹ́ nípa iṣẹ́, ìdákẹ́jẹ́ á wọ ara ẹni, kò ní mọ ibi tó yẹ kó dúró mọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Ọdún kẹfà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ìyàwó mi tó mọ báǹkì tí owó mi ń gbà wọlé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ni pé kí òun àti ẹnì kan láti ilé rẹ̀ jọ jókòó tì wá, kí a kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀. Orúkọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fáìlì, sípẹ́lì rẹ̀ kan náà. Nọ́ńbà iṣẹ́. Ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde. Lẹ́yìn náà, "next of kin". Ibí ni omijé pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wa kọ orúkọ ìyá wa síbẹ̀ nígbà tí a jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìyá ti kú láti ìgbà náà. Àwọn kan kọ orúkọ ìyàwó Kàdúná tó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Orúkọ tó wà nínú fáìlì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹni tó sunkún jù níbi ìsìnkú. Lọ tún un ṣe nígbà tí o ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọ wa. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì á ní, "Bàbá, PFA yín ńkọ́?" Ilé iṣẹ́ tó ń bá òṣìṣẹ́ tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ló ń pè bẹ́ẹ̀. Bàbá ò ní PFA. Láti 2011 ni àwọn ológun ti kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá tí ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun ní Àbújá, tí wọ́n ń pè ní Military Pensions Board, ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Òfin orílẹ̀-èdè, abala 173, sì sọ pé kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ṣe àfikún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tó bá yá jù. Tí wọ́n bá pè fún àyẹ̀wò láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè, ẹ lọ. Bí ara ò bá gba bàbá, ẹ tètè sọ fún ẹgbẹ́. Ẹni tó bá sì pe yín lórí fóònù pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí orúkọ yín má bàa jáde, olè ni.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ó yẹ kí ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Tí ẹ kò bá ní ilẹ̀, tí ẹ kò sì gba owó lọ́wọ́ ará ìta, kò kánjú. Tí ẹ bá máa ṣe é, òfin ọdún 2020 ní kí ẹ yan àwọn alágbàtọ́jú, kí ẹ kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, kí ẹ polongo nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹ sì fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtakò. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni ẹgbẹ́ tó ti dá aṣọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò tíì ní ìwé orúkọ kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ ńkọ́? A kì í béèrè ohun tí èèyàn ṣe. A máa ń béèrè ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tí wọ́n jọ wọlé, oúnjẹ wo ni kò ṣeé jẹ ní kántíìnì. Ẹni tó bá tètè ń ka iṣẹ́ akin ni a máa ń fura sí.

Ká padà sọ́dọ̀ ìyá Ìkọ̀lé. Mo bi wọ́n bóyá àpótí onírin ọkọ wọn ṣì wà. "Ó wà," wọ́n ní, "ẹ̀wà ni mo ń kó sí i." Ní Sátidé, èmi àti ẹnì kejì mi lọ. Gbogbo wa la máa ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àti nọ́ńbà sórí àpótí yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ti bàbá yìí látòkè délẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè rí. A ní kí wọ́n ti fèrèsé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ rìn lórí irin. Ọ̀dà àtijọ́ nípọn díẹ̀ lábẹ́ tuntun, òjìji tín-tìn-tín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan: lẹ́tà, lẹ́tà, nọ́ńbà. Ẹnì kejì mi ní 3 ló gbẹ̀yìn, èmi ní 8. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ sí òdìkejì. 8 ni.

Ìyá mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé orin wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà.