Àríyànjiyàn lórí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní Nàìjíríà

Àríyànjiyàn lórí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí Nàìjíríà ti ní ti pẹ́ nílẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní Èkó, láti Erékùṣù títí dé Sùúrùlérè, Yábàá, Múṣin àti Òṣòdì. Kò sí ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ náà, kò sì sí òfin tó sọ ohun tí wọ́n á fi wọn agbábọ́ọ̀lù. Orúkọ tó máa ń jáde jù ni ti Rashidi Yekini, Austin Okocha tí gbogbo ayé ń pè ní Jay-Jay, Nwankwo Kanu àti Ṣẹ́gun Odegbami. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni Victor Osimhen ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Àwọn àgbà Èkó sì ní orúkọ méjì mìíràn tí wọn kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀: Teslim Balógun àti Haruna Ilerika.

Ibi tí wọ́n ti ń jà á

Ìdí àtẹ ìwé ìròyìn ni ilé ẹjọ́ tó dàgbà jù fún ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, àwọn ọkùnrin á ti pagbo yí àtẹ ká ní Ojúẹlẹ́gba tàbí Ìdúmọ̀tà, wọ́n á máa ka àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ láì rà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí inú rẹ̀ á fún olùtajà ní owó táṣẹ́rẹ́, á kà á lórí ìdúró, á sì ká a padà bó ṣe bá a. Olùtajà mọ̀ dájú pé àwọn tó ń jiyàn yìí kì í ra ìwé. Síbẹ̀ kì í lé wọn, nítorí ariwo wọn ló ń pe ẹni tó máa rà á.

Rédíò náà kó ipa tirẹ̀. Brila FM, ilé iṣẹ́ rédíò àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti eré ìdárayá nìkan ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2002. Láti ìgbà náà, ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí afárá Third Mainland lè tẹ fóònù láti dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí afẹ́fẹ́, kí àwọn tó jọ wà nínú dánfó sì gba ẹjọ́ náà rò títí wọ́n á fi dé Ọbaléndé.

Ibi kẹta ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Wọ́n á gbé pátákó dúdú síta, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, aago tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àti iye owó ìwọlé sí i. Nínú ilé, bẹ́ǹṣì onígi ni, ooru sì máa ń mú. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n wá wò, ṣùgbọ́n tí ìlàjì àkọ́kọ́ bá ti parí, ọ̀rọ̀ á yí sí Yekini àti Okocha. Bí iná bá wá lọ, tí ẹni tó ni ilé ṣì ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, àríyànjiyàn á ti padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ Teslim Balógun kí tẹlifíṣọ̀n tó tún tàn.

Àwọn tí fídíò kò bá

Teslim Balógun jẹ́ ọmọ Èkó. Ó wà nínú ikọ̀ tí Nàìjíríà kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù láì wọ bàtà. Ní 1956 ó darapọ̀ mọ́ Queens Park Rangers, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù gidi-gidi ló fà á tí wọ́n fi ń pè é ní Thunder. Ó kú ní 1972. Pápá ìṣeré tó fẹ̀gbẹ́ kan National Stadium ní Sùúrùlérè ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń lo pápá náà lónìí ni kò sì mọ̀ pé ènìyàn kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Haruna Ilerika, tó kú ní 2008, jẹ́ ti Stationery Stores, ẹgbẹ́ tí Israel Adebajo dá sílẹ̀ tí ará Èkó sì sọ di tara wọn. Àwọn tó wo Stores nígbà náà kì í ka góòlù rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni bó ṣe ń gé ènìyàn: ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ sápá ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á lọ sápá òsì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sì jókòó sílẹ̀. Bí àgbàlagbà kan bá ń sọ ìtàn yìí, ó sábà máa ń dìde kí ó lè fi ara ṣe àpèjúwe, nígbà mìíràn pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni àríyànjiyàn náà ti máa ń le. Ọmọ ogún ọdún á yọ fóònù, á ní kí wọ́n fi fídíò Ilerika han òun. Fídíò náà kò sí lórí fóònù. Àgbà á dá a lóhùn pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àwọn méjèèjì ló ní ẹjọ́ tiwọn. Ẹ̀rí ojú kò ṣe é kà bí góòlù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò débẹ̀ náà kò lè já a ní irọ́. Ohun tó dájú ni pé ìgbà tí kámẹ́rà pọ̀ ló fún Okocha ní àǹfààní tí Ilerika kò ní, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Odegbami àti 1980

National Stadium ní Sùúrùlérè, tí wọ́n kọ́ tán ní 1972 fún Eré Ìdárayá Gbogbo Áfríkà ti 1973, ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ gba Ife-Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfríkà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, wọ́n na Algeria ní 3-0. Odegbami gbá méjì wọlé, Mudashiru Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ẹni tó wà lórí ìjókòó pápá náà lọ́jọ́ náà kì í sábà gbà kí ẹnikẹ́ni darúkọ ẹlòmíràn níwájú Odegbami.

Mathematical ni ìnagijẹ Odegbami. Góòlù 23 ló gbá fún Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46, ìyẹn góòlù kan fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì-méjì. Ẹgbẹ́ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ló gbá bọ́ọ̀lù fún nílé. Ohun tí àwọn alátakò ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kò lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù. Èsì tó máa ń tẹ̀lé e ni pé nígbà yẹn, bọ́ọ̀lù ilé ló ń kún pápá, kì í ṣe ti òkèèrè. Muda Lawal ni wọ́n sábà ń gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó di agbábọ́ọ̀lù, òun àti Odegbami sì jọ wà ní Shooting Stars.

Yekini, Okocha àti Kanu

Ìran tó gba Ife-Ẹ̀yẹ Áfríkà ní 1994 àti àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíḿpíìkì ní 1996 ló pín Èkó sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Àwọn tó ń ka góòlù wà lẹ́yìn Yekini. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú Ife-Ẹ̀yẹ Áfríkà ti 1992 àti ti 1994, òun náà ló sì gbá góòlù jù ní líìgì Portugal ní sáà 1993–94, góòlù 21 fún Vitória Setúbal. Ní 1993, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, ní Dallas, Finidi George gbé bọ́ọ̀lù wá, Yekini tì í sáwọ̀n Bulgaria. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ihò àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń ké. Bulgaria tí wọ́n na ní 3-0 lọ́jọ́ náà ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje yẹn. Yekini kú ní oṣù karùn-ún 2012, ẹni ọdún 48.

Àwọn tó ń wo ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn Okocha. Góòlù rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kò tó ogún, kò gba líìgì kankan ní Yúróòpù, kò sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù Áfríkà ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfríkà, rí. Bí ènìyàn bá ka ìyẹn nìkan, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tán, nítorí pé ẹnu àwọn tó rí góòlù tó gbá wọlé Oliver Kahn, asọ́lé Karlsruhe, fún Eintracht Frankfurt ní oṣù kẹjọ 1993 kì í gbófo. Ó gé asọ́lé náà lọ sí ọ̀tún, ó gé e padà sósì, ó ń gé àwọn tó sáré wá gbà á sílẹ̀, kó tó wá rántí pé àwọ̀n wà níbẹ̀. Ní 2004, nínú Ife-Ẹ̀yẹ Áfríkà, bọ́ọ̀lù tó gbá sáwọ̀n Cameroon ni góòlù ẹgbẹ̀rún nínú ìtàn ìdíje náà, òun sì ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù níbẹ̀.

Àwọn tó ń ka ife wà lẹ́yìn Kanu. Ó gba Champions League pẹ̀lú Ajax ní 1995, UEFA Cup pẹ̀lú Inter ní 1998, líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Arsenal ní 2002 àti 2004. Ní 2008, òun ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi gba FA Cup. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Áfríkà lẹ́ẹ̀mejì, 1996 àti 1999. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ló ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ọkàn rẹ̀ tún ṣe ní 1996, nígbà tí àwọn oníṣègùn rí i pé ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ìdáhùn méjì: kò gbá góòlù kankan wọlé nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, kò sì gba Ife-Ẹ̀yẹ Áfríkà.

Ìdáhùn kejì yìí máa ń dun àwọn ará Sùúrùlérè, nítorí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì 2000, Nàìjíríà àti Cameroon pàdé ní National Stadium fún àṣekágbá. Cameroon ti gbá méjì wọlé kí Nàìjíríà tó dá wọn padà, Okocha sì gbá ẹ̀kejì láti òkèèrè. Nígbà tó di pẹ̀nárítì, wọ́n mú ti Kanu. Ti Victor Ikpeba lu igi òkè, ó bọ́ sẹ́yìn ìlà, ṣùgbọ́n rẹfirí kò kà á. Cameroon gba ife náà. Títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ ja Okocha níyàn lójú ẹni tó wà ní pápá lọ́jọ́ náà ní láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Àwọn tí àríyànjiyàn náà ń fò kọjá

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n nìkan ni àríyànjiyàn yìí mọ̀. Stephen Keshi, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ní Àkọ́kà, ni balógun ikọ̀ tó gba Ife-Ẹ̀yẹ Áfríkà ní 1994, òun náà sì ni olùkọ́ni tó gbà á ní 2013. Ẹ̀yìn ló máa ń gbá, nítorí náà orúkọ rẹ̀ kì í pẹ́ nínú agbo. Àwọn asọ́lé bíi Peter Rufai, ọmọ ìdílé ọba Ìdímù tó kú ní 2025, kì í tilẹ̀ wọ agbo.

Bákan náà ni ti àwọn obìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì ti gba Champions League lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Barcelona. Kò sí ọkùnrin Nàìjíríà tó gba ti ọkùnrin ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àwọn tó ń fi iye ṣe òṣùwọ̀n fún Yekini àti Kanu sábà máa ń pa ìṣirò tì bí wọ́n bá dé ibí yìí. Wọ́n á ní ìyẹn ọ̀tọ̀. Wọn kì í sọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀tọ̀.

Osimhen

Victor Osimhen ni ọmọ Èkó tó sún mọ́ orí àtẹ jù lónìí. Agbègbè Olúṣọ̀sùn, níbi tí ààtàn ńlá Èkó wà, ló dàgbà sí, ó sì ti kiri ọjà láàárín ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 2015 ó gbá góòlù mẹ́wàá wọlé nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17. Ní sáà 2022–23, góòlù 26 tó gbá wà lára ohun tí Napoli fi gba líìgì Ítálì, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Áfríkà ní 2023.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jiyàn lórí Messi àti Ronaldo láti kékeré, tí wọ́n mọ̀ pé àmì ẹ̀yẹ Ballon d'Or mẹ́jọ ni ti Messi, márùn-ún ni ti Ronaldo, ló gbé Osimhen wọ agbo yìí, pẹ̀lú ìṣirò lọ́wọ́. Ní 2025 ó kọjá góòlù 23 tí Odegbami ti fi wà ní ipò kejì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọdún náà parí, kò tíì dé 37 ti Yekini. Bó bá dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Yekini ti ní èsì nílẹ̀ dè é: góòlù Dallas ni àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó lè gbá ti àkọ́kọ́ mọ́.